Sáyẹ́ǹsì Nínú Ọdún Kérésìmesì: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Olùkọ́ àti Òbí ní Àgbádárìgì

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá díẹ̀díẹ̀, ètè àwọn ọmọdé ti ń là, àwọn aránṣọ kò sì ráyè dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ nítorí aṣọ ọdún. Irú àkókò yìí ni àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì máa ń pe àwọn òbí jọ fún àríyá ìparí ọdún. Wọ́n máa ń pe àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú, a máa ń lọ, a máa ń jẹ ìrẹsì wọn, a sì máa ń gbádùn orin àti ijó àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, a sì rò pé ó tó àkókò tí ó yẹ kí a sọ ọ́ jáde.

Ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kékeré kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, bọ́ sí iwájú ní ọjọ́ àríyá, ó sì ka àkọ́sórí lórí bí omi ti ń gbẹ tí ó sì ń di oru. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kà á, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ó wá jókòó nítòsí wa, a bi í pé, “Ìwọ ọmọ dáadáa yìí, níbo ni o ti rí i kí omi ṣe bẹ́ẹ̀ rí?” Ó wò wá lójú títí, ó ní, “Nínú ìwé ni, sà.” Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn níbẹ̀, obìnrin tí ń sá ẹja tí ó sì ń yan án lójoojúmọ́ ní etí ọ̀sà, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ bí omi ti ń jáde kúrò lára ohun tútù ju ẹni tí ó kọ ìwé náà lọ. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Olùkọ́ rẹ̀ pàápàá kò jẹ̀bi tán, nítorí bí a ti kọ́ òun náà ni ó ṣe ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ó bà wá nínú jẹ́ pé ọmọ kan lè gbé ilé kan náà pẹ̀lú ìmọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí ó má sì mọ̀ pé àlejò kọ́ ni í ṣe.

Nítorínáà, ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. A fẹ́ kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan fi bí wákàtí kan sílẹ̀ nínú àríyá ọdún yìí fún sáyẹ́ǹsì, kí ó má ṣe jẹ́ àkọ́sórí, kí ó jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní ojú àwọn òbí, pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú ilé ìdáná ọdún, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí ní èdè tí a ń sọ ní ilé wọn.

Bí ìlú kan bá wà ní ilẹ̀ wa tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yẹ, ìlú wa yìí ni. Abẹ́ igi Àgíà níhìn-ín ni a ti ṣe ọdún Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wesley àti Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. wà ní ìlú yìí. Igi náà dúró títí di 1959 kí ó tó wó, òkúta ìrántí sì wà ní ibẹ̀ dòní. Ní 1843 ni a dá ilé-ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ níhìn-ín, ní 1845 ni a kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo àlejò máa ń wá wò, Samuel Àjàyí Crowther sì gbé láàrin wa ní 1845 sí 1846 kí ó tó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ni a mọ̀ lórí bí owó àpò wa. A máa ń kà wọ́n fún àlejò títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ohun tí a kì í sọ fún àlejò ni ohun tí àwọn ọmọ inú àwọn ilé-ìwé wa ń fi ọwọ́ wọn ṣe lónìí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwa ni a fẹ́ dá àṣà tuntun sílẹ̀ nípa fífi sáyẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ Kérésìmesì. Ní 1825, ọdún mẹ́tàdínlógún ṣáájú Kérésìmesì abẹ́ igi Àgíà, ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí a ń pè ní Royal Institution. Michael Faraday ni a máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Faraday í ṣe; iṣẹ́ ìdìwé ni a fi í kọ́ ní kékeré, inú àwọn ìwé tí àwọn oníbàárà gbé wá fún dídì ni ó sì ti kọ́kọ́ ka sáyẹ́ǹsì. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni òun fúnra rẹ̀ dúró níwájú àwọn ọmọdé ní àkókò Kérésìmesì láti ṣe nǹkan ní ojú wọn. Lẹ́yìn ìdádúró ọdún díẹ̀ nígbà ogun Hitler, àṣà náà ń bá a lọ, a sì ti ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1966.

Ẹ sì wo ohun tí ọkùnrin ńlá yìí mú lọ́wọ́. Ní 1848, àti ní ìparí 1860 lẹ́ẹ̀kan sí i, kò mú ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan ṣe olórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe àbẹ́là kan ṣoṣo. Ìwé tí a tẹ̀ jáde nínú ọ̀rọ̀ náà ní 1861 ni a ṣì ń kà títí di ìsinsìnyí. Àbẹ́là! Ǹjẹ́ ilé wo ní Àgbádárìgì ni kò ní àbẹ́là, pẹ̀lú bí iná mànàmáná ti ń ṣe wá yìí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi àbẹ́là kúkúrú kan dúró láàrin àwo, ẹ da omi díẹ̀ sí àwo náà, ẹ tan iná sí i, kí ẹ sì fi ife gíláàsì dé e mọ́lẹ̀. Láìpẹ́ iná yóò kú, omi inú àwo yóò sì gòkè sínú ife. Àwọn ọmọ yóò hó yèè. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ni yóò ti kọ́ wọn pé iná ti jẹ apá kan nínú atẹ́gùn inú ife náà tán, omi sì wá gba àyè rẹ̀. Òtítọ́ ni pé iná ń lo apá kan nínú atẹ́gùn, òun sì ni ó fi ń kú. Ṣùgbọ́n ti omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbóná iná ni ó mú kí atẹ́gùn wú, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jáde nígbà tí a ń fi ife dé e; bí iná bá ti kú, èyí tí ó kù nínú ife yóò tutù, yóò sún kì, atẹ́gùn òde yóò sì ti omi wọlé. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní gbangba: bí iná bá ṣe ń kú lọ gan-an ni omi ń sáré gòkè jù lọ, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà tí ó ń jó. Ọmọ tí ó bá tẹjú mọ́ ọn yóò rí i, yóò sì lè sọ fún ìwé pé ó ṣì í sọ. Ìyẹn gan-an ni ohun tí a fẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mọ́ wa jù lọ kò ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Àdí àgbọn ni. Gbogbo obìnrin tí ń fún àgbọn tí ó sì ń se àdí ní etíkun wa ni ó mọ̀ pé nígbà ọyẹ́ àdí máa ń dì nínú ìgò, yóò funfun bí òrí, oníbàárà tí kò bá sì mọ̀ lè máa jà pé wọ́n ti fi nǹkan mìíràn lú u. Nígbà tí oòrùn bá gun òkè, yóò yọ́, yóò mọ́ bí omi. Ohun tí ó fa á ni pé àdí àgbọn máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ìgbóná tí ó tó 24 tàbí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọyẹ́ ní ilẹ̀ wa máa ń tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀sán sì máa ń gbóná kọjá rẹ̀. Ní ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé, níbi tí ó tutù ní gbogbo ìgbà tàbí tí ó gbóná ní gbogbo ìgbà, ènìyàn kò lè rí ìyípadà yìí ní ojú fèrèsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Àwa rí i, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìgò funfun kékeré mẹ́ta. Kí ó rọ àdí àgbọn sí ọ̀kan, òróró ẹ̀pà sí èkejì, epo pupa sí ẹ̀kẹta, kí ó sì tò wọ́n sí ojú fèrèsé láti ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ti palẹ̀ dé. Ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, kí ó wò wọ́n, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé: èwo ni ó dì, èwo ni ó yọ́, èwo ni kò yí padà. Òróró ẹ̀pà kò ní dì nínú ọyẹ́ Àgbádárìgì bí ó ti wù kí ó rí. Epo pupa yóò nípọn, apá kan rẹ̀ yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Àdí nìkan ni yóò máa lọ tí yóò sì máa bọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ náà yóò lè wo ìgò àdí ní òwúrọ̀, kí ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ bí òtútù ọjọ́ náà ti tó, láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná wọ́n lọ́jà, ìgò àdí kò sì ju nǹkan tí ìyá fi ń pa ọmọ lára lọ. Ilé-ìwé tí ó bá ṣe èyí lọ́dún yìí tí ó sì tún ṣe é lọ́dún tí ń bọ̀ yóò ní àkọsílẹ̀ ọyẹ́ méjì láti fi wé ara wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ìlú kò ní.

Nígbà tí a ṣì wà lórí àgbọn, kí wọ́n ju odidi àgbọn tí a kò tíì bó sínú garawa omi pẹ̀lú. Yóò léfòó, nítorí atẹ́gùn tí ó há sáàrin èèpo rẹ̀ tí ó dà bí irun. Báyìí ni àgbọn fi ń rin ojú òkun láti èbúté dé èbúté láìsí atukọ̀.

Ìlú wa wà láàrin ọ̀sà àti òkun, nítorínáà kò yẹ kí ọmọ wa kan kàwé tán láìmọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí omi. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ pé ẹyin a máa rì nínú omi lásán, a sì máa léfòó nínú omi òkun. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹyin tí kò tíì pẹ́ yóò rì nínú omi òkun náà pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ tí ó wà nínú lítà omi òkun kan kò ju nǹkan bí gíráàmù 35 lọ, kò sì tó láti gbé e. Ṣùgbọ́n bí a bá se ìgò omi òkun mẹ́rin títí tí yóò fi ku ìgò kan, tí a jẹ́ kí ó tutù, ẹyin náà yóò léfòó. Níbo ni omi ìgò mẹ́ta lọ? Ó di oru, ó bá atẹ́gùn lọ. Iyọ̀ ńkọ́? Kò lè bá a lọ. Ó dúró sẹ́yìn. Bí a bá ń se é lọ títí tí yóò fi gbẹ, a ó fi ọwọ́ kó o nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn obìnrin Djègbadji nítòsí Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, ti ń fi omi sẹ́ erùpẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n sì ń se omi rẹ̀ di iyọ̀ láti ìran wọn wá. Ìbátan àwọn ará ìlú wa ni wọ́n. Ọmọbìnrin wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ì bá rí ohun tí ó kà lórí yẹn nínú ìkòkò kan ṣoṣo, kò sì jọ pé yóò gbàgbé e mọ́.

Àwọn mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣápá tí a fi ń ṣe sóbò fún àlejò ọdún a máa pa àwọ̀ dà bí a bá kán omi káún sí i: pupa rẹ̀ yóò ṣókùnkùn, yóò fẹ́ dà bí aró tàbí ewé, gẹ́gẹ́ bí káún náà bá ti pọ̀ tó. Bí a bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, pupa yóò tún padà. Káún àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan, bí a bá pò wọ́n pọ̀ nínú abọ́ jíjìn, yóò hó gùdùgùdù. Bí àbẹ́là kúkúrú kan bá ń jó ní ìsàlẹ̀ abọ́ náà, yóò kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó jáde nínú híhó náà wúwo ju atẹ́gùn lásán lọ, ó sì bo iná mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó wà nínú ìfóòfó ẹmu. Ẹ fi bàlúùnù ọmọdé sí ẹnu ìgò ẹmu tútù, yóò máa wú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń fẹ́ ẹ; ìwúkàrà tí ojú kò lè rí ni ó ń jẹ adùn inú ẹmu tí ó sì ń mí, òun náà ni ó sì ń mú kí púfúpúfù wú. Kí àgbà kan dúró ti ìgò náà, nítorí a mọ àwọn ọmọ wa.

Ti ìlù kò ní gbà wá ní àkókò, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fò ó ní ìlú tí ó ni Sátò. Ẹ wọ́n gààrí gbígbẹ díẹ̀ sí ojú ìlù kékeré kan, kí ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì lu ìlù mìíràn nítòsí rẹ̀. Gààrí yóò máa fò. Ohùn ni ó rin inú atẹ́gùn kọjá lọ mì í. Ẹnìkan ti bi wá bóyá a fẹ́ kí àwọn ọmọ wá tú àṣírí Sángbétò pẹ̀lú. Rárá o. Ohun awo, awo ni ó ni ín. Gààrí ni àwa ń sọ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé eléyìí léwu. Iná wà nínú rẹ̀, a kò sẹ́. Nítorínáà, kí olùkọ́ ni ó máa ṣáná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́ ohun tí a fi dán nǹkan wò lẹ́nu wò, kí a má sì fi ìdérí dé ìgò ẹmu pa, nítorí ó lè bú. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí ń ra nọ́kàótù fún ọmọ ọdún méje ni a ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ewu yìí, ẹnu sì máa ń yà wá.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti èdè. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá fi èdè ilé sọ sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò bàjẹ́, kò sì ní yege nínú ìdánwò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu lásán jà lé lórí mọ́, nítorí a ti dán òun náà wò. Ní 1970, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣíwájú wọn, lọ sí ilé-ìwé St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan ìṣírò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí ó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ mọ èyí. Ní 2022 wọ́n fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025 wọ́n kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e. Àwa kò fara mọ́ ìwọ́gilé náà, a ó sì máa sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àríyá ọdún kì í ṣe kíláàsì. Kò sí ìkéde Àbújá kankan tí ó lè dí ọmọ lọ́wọ́ láti yíjú sí ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì kí ó sì sọ fún un, ní èdè tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́, ìdí tí àdí fi dì.

Nígbà tí a sì wí pé èdè ilé, a kò wí pé Yorùbá nìkan. Àwọn ará wa Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, ni onílé níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé wa ni kò sì gbọ́ èdè mìíràn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ohun ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ń ráhùn pé Gẹ̀ẹ́sì tẹ Yorùbá mọ́lẹ̀ bá fi Yorùbá tẹ Ògù mọ́lẹ̀. Kí ọmọ Ògù sọ tirẹ̀ ní Ògù, kí àwa tí kò gbọ́ ọ sì wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Yóò ṣe wá ní àǹfààní láti jẹ́ ẹni tí a ń túmọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́ta ti sọ fún wa pé àwọn yóò gbìyànjú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti bèèrè ohun tí ẹgbẹ́ yóò fi ràn án lọ́wọ́. A dá a lóhùn pé ìgò ni. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ní ìgò funfun kékeré tí kò lò mọ́, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì gbé e wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀. Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ sì bá wa ra káún àti ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nísisìyí, nítorí bí ọdún bá ti sún mọ́ ju báyìí lọ, kò sí ẹni tí yóò lè bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ mọ́.